Àkèré Tó Ń Jẹ́ Hassanat

Tinúadé ti rì dé orúnkún nínú ẹrẹ̀ àbàtà Okota kó tó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Má mira o! Bó o bá ṣe ń jà sí i, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe gbé ẹ mì."

"Ta ló ń jà?" ni Tinúadé fi ìbínú dáhùn. "Búùtù mi ni mò ń fà."

"Fi búùtù sílẹ̀, fún mi lọ́wọ́."

Ó fún un lọ́wọ́. Ọkùnrin náà fà á yọ bí ìgbà tí àgbẹ̀ fa iṣu lébè, búùtù kan sì ṣẹ́kù sínú ẹrẹ̀. Bí Tinúadé ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tó di èjìká àjèjì mú, ni àkèré kan ké nínú koríko. Àwọn méjèèjì yíjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ta ló kù ní gbogbo Ìsọlọ̀ tó ń dá ọ̀rọ̀ dúró nítorí àkèré?

"Ṣé o mọ èyí tó ké yẹn?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí ló gbé mi dé inú ẹrẹ̀? Àkèré Hassanat ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ," ló wí. "Hassanat, àbúrò mi ni."

Ṣàmsúdéènì ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àwọn ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀, kó ṣàpèjúwe wọn fún aráyé, kó sì sọ wọ́n lórúkọ. Tinúadé ń kàwé ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ ní yunifásítì mìíràn, ṣùgbọ́n inú yàrá àyẹ̀wò ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. DNA ló fi ń mọ àwọn ẹranko tó jẹ́ ọ̀kan náà, àti àwọn tó kàn jọra lásán.

Ṣàmsúdéènì ròyìn Hassanat fún un níbẹ̀. Ọdún tí ọmọbìnrin náà wọ yunifásítì ló tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí àbàtà yìí lọ́jọ́ tí òjò ń da ilẹ̀ láàmú. Òun ló rí àkèré kan tó ní ilà pupa lẹ́yìn, tó sì pariwo pé, "Bọ̀dá, ẹ wá wò ó!" Ó mú un, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó padà lọ wá òmíràn. Omi kánàálì ya lójijì, ó gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, àkèré náà ṣì wà láàyè nínú ọ̀rá. Kí ọdún tó yí po, Ṣàmsúdéènì ti kọ ọ́ sínú jọ́nà, ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀, pé irú àkèré tí ayé ò rí rí ni, ó sì fi Hassanat sínú orúkọ Látìnì rẹ̀.

Tinúadé ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣàmsúdéènì bọ́ sálúbàtà tirẹ̀ fún un kó fi rìn dé títì, òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta lọ.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń mú olólùfẹ́ wọn lọ síbi fàájì, Ṣàmsúdéènì á pe Tinúadé lórí fóònù pé, "Tinú mi, òjò ti dá. Ṣé ká lọ?" Wọ́n á jọ máa rìn létí omi láti Okota dé Èjìgbò, wọ́n á jọ jẹ ẹ̀pà, wọ́n á jọ dákẹ́ tí nǹkan bá ké. Tinúadé ò rí ẹni tó mọ bí a ti ń dákẹ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé ó máa ń gbóòórùn ẹrẹ̀ tí inú rẹ̀ á dùn.

Ìyá Tinúadé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, kọ̀ jálẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. "Mùsùlùmí ará Ìwó? Kí ló ṣe àwọn ọmọ ìjọ wa?" Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ìtàn àkèré náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà. "Ọkùnrin tó lè ṣe báyìí fún àbúrò tó ti kú," ló wí, "kí ni ò ní ṣe fún ìyàwó tó wà láàyè? Ẹ máa bá a lọ."

Ìyá Ṣàmsúdéènì ní tirẹ̀ ò béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Kọ́tìnnì ló ń rán nínú yàrá kan tí wọ́n háyà lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì. Lára ògiri rẹ̀, fọ́tò méjì ló wà nínú férémù: ti Hassanat, àti ti àkèré. "Wọ́n ní ọmọ mi ti kú," ló máa ń sọ fún ẹni tó bá wọlé. "Ẹranko tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń ké ní gbogbo òjò. Òyìnbó pàápàá ń pè é!" Ó fa Tinúadé mọ́ra, ó ní, "Ọlọ́run ti dá ọmọbìnrin padà fún mi."

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nígbà tí èsì àyẹ̀wò Tinúadé jáde.

Ó tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Èsì náà ò yí padà. Àkèré Hassanat àti àkèré kan tí òyìnbó kan ti ṣàpèjúwe láyé àwọn bàbá ńlá wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ilà pupa yẹn ò ju bí ọmọ ìyá kan ṣe ń pupa tí èkejì ń dúdú lọ. Nínú iṣẹ́ wọn, bí ẹranko kan bá ní orúkọ méjì, èyí tó kọ́kọ́ dé ló ń jọba. Èkejì kú nìyẹn.

Ó lọ bá Ṣàmsúdéènì nílé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀.

"Ṣàmsú, jókòó."

"Ṣé o lóyún ni?" ló fi ẹ̀rín béèrè.

"Àkèré Hassanat kì í ṣe irú tuntun."

Tinúadé ń retí pé yóò jiyàn. Ó ń retí pé yóò ní kó mú èsì náà wá kí òun rí i. Ṣàmsúdéènì ò béèrè ohunkóhun. Ibẹ̀ ló ti yé e.

"O mọ̀," ni Tinúadé wí. "O mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Mo mọ̀ kí n tó kọ ọ́. Mo ti gba ohùn àkèré méjèèjì sílẹ̀. Igbe kan náà ni wọ́n ń ké. Mo fi ìyẹn pamọ́, mo kọ ilà pupa nìkan."

"Kí ló dé?"

"Ìyá mi ò jẹun mọ́, Tinú. Ó kọjú sí ògiri, ó ń retí ikú. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé orúkọ Hassanat ò ní parẹ́ láyé ló tó mu ògì." Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ò lágbára. Jẹ́ kó kú ná kó o tó sọ ọ́. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́."

Kí ọmọ máa fi ikú ìyá rẹ̀ dá àkókò! Ọ̀rọ̀ náà gún Tinúadé lọ́kàn. Síbẹ̀ ó gbá a mọ́ra, ó sì gbà. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í nípa èsì, ó ní kò tíì jáde. Nígbàkígbà tó bá dé Òṣòdì tó rí i bí ìyá náà ṣe ń fi aṣọ nu fọ́tò àkèré, ńṣe ló máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dé. Àwọn ẹbí méjèèjì jókòó sí pálọ̀ ìyá Tinúadé ní Èjìgbò. Àdúrà ti parí nígbà tí Ṣàmsúdéènì dìde, tó gbé fóònù rẹ̀ sókè. Fọ́tò àkèré kan tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí epo ló wà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin òbí wa, Èjìgbò níbí ni mo ti rí i. Irú tuntun ni. Tinúadé ni mo fi sọ ọ́."

Ilé dàrú fún ayọ̀. Ìyá Tinúadé kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè. Ìyá Ṣàmsúdéènì ń ké pé, "Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì!" Tinúadé nìkan ló jókòó bí ẹni tí omi tútù dà sí lára. Ó mọ àkèré náà. Òun fúnra rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti Hassanat.

Ó fa Ṣàmsúdéènì jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Èwo lèyí? Ìwọ náà mọ̀ pé àkèré kan náà ni."

"Mo mọ̀."

"Ti Hassanat, mo gbà pé ìbànújẹ́ ló fà á. Tèmi ńkọ́, Ṣàmsú? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé o ò rí bí inú ìyá ẹ ṣe dùn ni? Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é."

"Fà á padà."

"Wọ́n ti gbà á ní jọ́nà, wọ́n máa tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ìwọ nìkan lo ní àyẹ̀wò yẹn, ìyàwó mi sì ni ẹ́."

Tinúadé tẹjú mọ́ ọn. Ìdákẹ́ tó fi ṣàánú rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti mú, tó ń fi ṣe irinṣẹ́. Ó rí ọjọ́ iwájú wọn kedere: Ṣàmsúdéènì yóò máa fi ìfẹ́ purọ́ fún un títí ikú yóò fi yà wọ́n, òun ò sì ní mọ ọjọ́ kan tó bá sọ òótọ́. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣàmsúdéènì rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní, "O ti le jù, ìfẹ́ mi. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Bí àpèjúwe tuntun náà ṣe jáde ni Tinúadé kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà. Ó fi ẹ̀rí hàn pé irú kan ṣoṣo ni gbogbo àkèré wọ̀nyẹn. Orúkọ Hassanat kú. Orúkọ Tinúadé náà kú, ọwọ́ rẹ̀ ló fi pa á. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ṣàmsúdéènì mọ̀. Ó rò pé wọ́n á kà á sí àṣìṣe, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n yunifásítì Ṣàmsúdéènì, tí wọ́n mọ̀ pé ó máa ń gba igbe àkèré sílẹ̀, bi í pé ohùn àwọn àkèré náà dà. Wọ́n rí i pé ńṣe ló fi wọ́n pamọ́. Wọ́n lé e. Lórí fóònù, àwọn èèyàn sọ ọ́ di ẹ̀rín: olùkọ́ tó ń fi àkèré fẹ́ ìyàwó. Tinúadé pè é títí, kò gbé e.

Ìyá Tinúadé ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. "Ṣé òtítọ́ lo fẹ́ fi ṣe ọkọ? Lọ sùn tì í. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. O ò gbọ́ ọ rí ni?"

Lẹ́yìn náà ni ìyá Ṣàmsúdéènì pè é. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Wá."

Ọ̀sán ni. Ìyá náà jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Ó ti rù. Ṣàmsúdéènì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá inú, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Tinúadé kúnlẹ̀ kí i. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

"Wọ́n ní o kì í purọ́," ni ìyá náà wí. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe pè ọ́. Ọmọ mi ní òun ò mọ̀, àṣìṣe ni. Àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ̀ ní ó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pé òkú ọmọ mi ló fi ń ṣòwò. Ìwọ lo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé Ṣàmsú mọ̀?"

Tinúadé gbójú sókè wo Ṣàmsúdéènì. Ọkùnrin náà ń wolẹ̀. Kò fi ojú bẹ̀bẹ̀. Tinúadé ro gbogbo òjò tí obìnrin yìí ti jókòó gbọ́, tó ń rẹ́rìn-ín, tó rò pé ọmọ òun ni wọ́n ń pè.

"Kò mọ̀, mà," ló wí. "Àṣìṣe ni."

"Ìgbà tí ìwọ wá mọ̀, ṣé o sọ fún un?"

Tinúadé rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bó bá ní òun sọ, ìyá náà á mọ̀ pé ọmọ òun mọ̀.

"Mi ò sọ fún un, mà."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Ọkùnrin tó fẹ́ fi ẹ́ ṣaya. O rí àṣìṣe lọ́wọ́ ẹ̀, o ò pè é sí kọ̀rọ̀, o gbé e sójú ayé. Kí ni Hassanat fi ṣe ẹ́? Omi gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan, mo fi í fún Ọlọ́run. Ìwọ lo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ ni mi ò ní dárí jì." Ó nàka sí i. "Orúkọ tìrẹ náà ò ní rí ọmọ tó máa jẹ́ ẹ."

Gbólóhùn kan péré láti ẹnu Ṣàmsúdéènì ì bá gba Tinúadé kalẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ ọ́.

Tinúadé dìde fúnra rẹ̀, ó jáde. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí Ṣàmsúdéènì bá pe òun ní Tinú mi báyìí, òun yóò padà, òun yóò sì gbàgbé ohun gbogbo.

"Ẹ ṣé," ni Ṣàmsúdéènì wí.

Kì í ṣe "o ṣé". "Ẹ ṣé" ni, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì tó bá a gbé ẹrù sọdá títì.

"Kò tọ́pẹ́," ni Tinúadé dáhùn.

Ṣàmsúdéènì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Tinúadé kọjá ojú irin, ó wọ àárín èrò Òṣòdì lọ. Ó ń sunkún, kò fọwọ́ bojú. Nínú gbogbo èrò yẹn, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.