Òkè Ẹ̀fọ̀n Kò Gba Eré

Gbàù! Gbàù!

Ọ̀sán gangan ni. Àwọn olè ayé ìsinsìnyí kò dúró de òkùnkùn mọ́. Iwájú sítọ́ọ̀ kòkó ní Ìjurin ni ìbọn ti dún.

"Gbogbo yín, ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, orí náà á fò lọ!"

Moses ló ń pariwo, òun ló di ìbọn mú. Ọlámijí, ọ̀gá rẹ̀, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń fún un níná díẹ̀díẹ̀, fùn-ún! fùn-ún!, bí ẹni tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀ níwájú ilé onídìrí.

Ayọ̀kúnlé, akọ̀wé tó ń wọn kòkó, di àpò owó mọ́ àyà. Owó àwọn àgbẹ̀ ni. Wọ́n ti fi gbogbo òjò ọdún yẹn ṣiṣẹ́ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, jù ú sílẹ̀ jàre," ni Ọlámijí wí. "Ṣé owó bàbá rẹ ni?"

Ayọ̀kúnlé kò jù ú sílẹ̀.

Gbàù!

Moses já àpò gbà, ó fò sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Wàààààn! Ó di ọ̀nà Ìjerò!

Awóṣùsì, olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ agbègbè náà, pàdé wọn ní oríta. Ó yí ọ̀kadà tirẹ̀ padà, ó fún un níná, ó tẹ̀ lé wọn.

Pù-pù-pù-pù-pù!

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Awóṣùsì. Ọ̀kadà rẹ̀ náà kì í ṣe ọmọdé. Bí tiwájú ti ń ké wàààn, bẹ́ẹ̀ ni tẹ̀yìn ń wúkọ́. Kí èèyàn tó ka ẹẹ́wàá, eruku nìkan ló kù lójú ọ̀nà.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí láàárín oṣù méjì!

Bàbá dá ọ̀kadà dúró, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé ìbọn ṣakabùlà lé itan. Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ kan náà tó dé, orúnkún àgbà á ti yẹ̀. Ó rẹ Awóṣùsì débi pé kò lè ṣépè.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti ọ̀kadà rẹ̀ dé sọ́ọ̀bù Lukman mẹ́káníìkì ní Arámọ̀kọ. Ẹ̀rọ náà ti kú sí i lọ́nà.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o," ni Lukman wí. "Wọ́n ní wọ́n yìnbọn fún akọ̀wé kan ní Ìjurin?"

"Ayọ̀kúnlé ni. Ó ti kú. È é dé ọsibítù tí ukú fi mú un."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Lukman.

"Ìnnà lílláhì," ló wí. Ó jókòó sórí táyà. "Bàbá, mo wà ní Ìjerò lónìí, mo lọ ra páàtì ọ̀kadà. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò rí ojú wọn. Mo gbọ́ ohùn máṣíìnì wọn."

"Ta ni è é gbọ́ ọ? Gbogbo ayé ló gbọ́ ọ."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Báwo?" ni Awóṣùsì bi í.

Lukman sọ ọ́ láìsinmi, àfi bí ẹni tó ń bì. Nínú oṣù ààwẹ̀ ni Ọlámijí gbé ọ̀kadà náà wá. Ó ní eré ìdíje làwọn fẹ́ fi sá. Lukman gbẹ́ búlọ́ọ̀kù ẹ̀rọ náà fẹ̀, ó ki písítìnì tó tóbi jù sí i. Ó yọ ìfun sílẹ́ńsà dànù. Ó yọ fílítà tó ń sẹ́ eruku kúrò lẹ́nu káàbúrẹ́tọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa fa afẹ́fẹ́ láìsí ìdíwọ́. Ó sì pààrọ̀ eyín iwájú tó ń yí ṣéènì sí ńlá.

"Ká má parọ́, Bàbá, inú mi dùn. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń lẹ táyà, tí mo ń nu púlọ́ọ̀gì. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe."

Nurat ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbọ́.

"Bàbá Ràhmátù! Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Tí ọlọ́pàá bá gbọ́, wọ́n á kó yín mọ́ wọn! Ta ló máa bọ́ wa?"

"Tí máṣíìnì yẹn bá tún jáde, tó bá tún pa ẹlòmíì, ta ló máa ru ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ yìnbọn ni?"

Awóṣùsì ló dá sí i.

"Nurat, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kú sí àárín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi è ní sọ." Ó kọjú sí Lukman. "Ìwọ, dìde ńlẹ̀. Ṣe tèmi kó máa sá bí tiwọn."

"Kò lè sá bíi tiwọn láéláé, Bàbá. Ẹ̀rọ yín ti gbó. Àmọ́ kì í ṣe eré la nílò."

Ó mú eyín ṣéènì méjì, ó gbé wọn sílẹ̀ níwájú bàbá, ńlá kan, kékeré kan.

"Ńlá yìí ló wà níwájú tiwọn. Eré ló ń fúnni, agbára ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, afẹ́fẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé èèyàn méjì gun òkè gidi, ẹ máa rí bí á ṣe máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ ronú ẹ̀ wò. Ìjurin, Àrá, Ìjerò ni wọ́n ti ń ṣọṣẹ́. Ṣé ẹ rí i kí wọ́n sá gba òkè Ẹ̀fọ̀n rí?"

Awóṣùsì la ẹnu. Oṣù méjì! Oṣù méjì ló fi ń jẹ eruku, kò sì kíyè sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ládùn lẹ́nu.

Lukman ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ náà àti ọjọ́ kejì. Ó fi eyín kékeré síwájú, ńlá sẹ́yìn. Ó pààrọ̀ ríìngì tó ti jẹ, ó fọ káàbúrẹ́tọ̀, ó tún fáàfù tò. Fílítà tuntun ló fi sí i. Nígbà tó parí, Awóṣùsì mú epo pupa jáde láti fi bọ Ògún sórí ẹ̀rọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á sílẹ̀ níwájú táyà. Tó bá kan ṣéènì, iyanrìn ló máa kó jọ."

"Kò burú. Ògún mọ urin, ó mọ ulẹ̀ náà."

*

Ọjọ́ ọjà Èrìò ni àwọn ọlọ́ṣà tún jáde, ní ìyálẹ̀ta.

Gbàù! Àwọn obìnrin fi ata sílẹ̀, wọ́n sá! Moses gbọn àpò oníṣòwò méjì yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà Arámọ̀kọ, ọ̀nà títẹ́jú.

Igi ti dí i pa! Awóṣùsì ti fura pé owó ọjà ló máa fà wọ́n jáde; àwọn ọdẹ rẹ̀ ti gé e lulẹ̀ láti àárọ̀, ìbọn ṣakabùlà mẹ́fà sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Yí i padà!" ni Moses ké. "Ẹ̀fọ̀n! Gba Ẹ̀fọ̀n!"

Wàààààn!

Ní oríta ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, Lukman ti wà lórí ọ̀kadà, Awóṣùsì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó yá o, Lukman."

"Bísímílláhì."

Pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀!

Ní ìbẹ̀rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni. Àwọn ọlọ́ṣà lọ réré. Moses tilẹ̀ yíjú padà, ó juwọ́ sí wọn.

"Bàbá àgbà, ẹ lọ sinmi! Ẹ lọ mu ògì!"

Ní ti sísinmi, Awóṣùsì ì bá gbà bí àyè bá wà.

Ìgbà náà ni òkè bẹ̀rẹ̀.

Wàààààn di wùùùn. Wùùùn di gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀. Ọlámijí já jíà sí kejì, ó já a sí ìkíní. Ẹ̀rọ ń gbóná, ó ń rùn. Lẹ́yìn wọn, ọ̀kadà arúgbó kò yára, kò sì dúró. Pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀!

Ẹ̀yin èèyàn, ìlépa tó lọ́ra tó báyìí kò tíì ṣẹlẹ̀ ní Èkìtì! Obìnrin kan tó ru igi ìdáná ń bọ̀ láti oko. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ rìn kọjá àwọn ọlọ́ṣà náà kó tó rí ìbọn, tó ju igi nù, tó kó wọ igbó.

Gbàù! Moses yìnbọn. Dígí ọ̀kadà fọ́ lójú Lukman. Kò jáwọ́ níná.

"Ẹ̀ńjíníà!" Ọlámijí ti mọ̀ ọ́n. "Ìwọ lo tún un ṣe fún mi, ìwọ lo tún ń lé mi? Èèyàn burúkú!"

"Dúró, Ọlámijí! Máṣíìnì yẹn kò lè gbé ẹ dé orí òkè!"

"Èmi àti ẹ̀ á jọ wò ó! Moses, ṣé o mọ ohun tí a so mọ́ ọn?"

"Àféẹ̀rí!" ni Moses dáhùn. "Wọn ò ní rí wa mọ́!"

Òògùn ìpòórá ni, òwú dúdú àti ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n dì pọ̀. Ẹni tó ṣe é fún Ọlámijí ní kó so ó mọ́ ibi tí ọ̀kadà ti ń mí. Ọlámijí sì gbọ́ràn. Ẹnu káàbúrẹ́tọ̀ ló so ó mọ́, ẹnu tí kò ní fílítà mọ́.

Ọlámijí pe ọfọ̀, ó fún ẹ̀rọ níná dé òpin.

Káàbúrẹ́tọ̀ fa afẹ́fẹ́. Ó fa òwú. Ó fa ìyẹ́.

Fọ̀ọ̀ọ̀... kẹ́-kẹ́... pọ́!

Ẹ̀rọ kú!

Ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Gbìì! Ó dà wọ́n nù sójú títì, ó wó lé Ọlámijí lẹ́sẹ̀. Moses dìde, ó na ìbọn.

Kẹ́ì. Kẹ́ì. Ọta ti tán.

Awóṣùsì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ọwọ́ kan níbàdí, ìbọn lọ́wọ́ kejì.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má sáré," ló wí. "Mi è lókun àti lé ọ. Uná ìbọn yìí ni mo máa rán sí ọ."

Moses wo ojú bàbá. Ó ju ìbọn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

*

Kí ọlọ́pàá tó dé, àwọn ará oko ti kó àdá àti kẹ́rosíìnì dé. Awóṣùsì jókòó ti àwọn olè náà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ dáná sun wọ́n, kó kọ́kọ́ sun òun. Kò sẹ́ni tó gbìyànjú ẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọ̀kadà náà, ó mi orí.

"Iṣẹ́ ńlá rèé. Ta ló bá yín tún un ṣe?"

Ọlámijí wo Lukman. Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú mú, ó sì ṣẹ́jú sí i.

"Mẹ́káníìkì kan lókè ọya. Ó ti kú."

Awóṣùsì wúkọ́. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ á máa lọ. Oòrùn ti mú."

Ọlọ́pàá náà dìde. Ọ̀rọ̀ tán. Lukman lè gun ọ̀kadà lọ ilé báyìí, kó jẹun, kó gbé Ràhmátù ọmọ rẹ̀ lé itan. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ayọ̀kúnlé náà nílé tí kò ní padà sí mọ́.

"Èmi ni," ló wí.

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo tún un ṣe. Lukman lorúkọ mi. Sọ́ọ̀bù mi wà ní Arámọ̀kọ. Mi ò mọ̀ pé olè ni wọ́n, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Ẹ̀ńjíníà, orí ẹ dàrú," ni Ọlámijí wí, ohùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo Lukman. Ojú tirẹ̀ náà pọ́n, ó jọ pé kò tíì sùn láti àná. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Wọlé. O máa kọ ohun tó o mọ̀ sílẹ̀."

Lukman na kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sí Awóṣùsì. Bàbá gbà á.

"Bàbá, ẹ bá mi yà lọ́dọ̀ Nurat."

"Kí ni kí n wí fún un?"

Lukman ronú.

"Ẹ sọ fún un pé máṣíìnì náà ti dúró."

Ilẹ̀kùn pa dé, gbà! Ọkọ̀ lọ. Awóṣùsì dúró lórí òkè títí ọkọ̀ fi pòórá lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gun ọ̀kadà, ó kọrí sí Arámọ̀kọ láti lọ jíṣẹ́ fún Nurat.