Ọ̀rọ̀ Tí Kareemah Kọ̀ Láti Kọ

"Wọ́n ní ọmọkùnrin Ilé-Ogbó tó fẹ́ fẹ́ Kareemah…"

"Níbi tó ti ń gẹrun ló ti…"

"Ó ní ọmọ tí kò jókòó sí kíláàsì rí, òun ò lè…"

Kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó dé etí Áfáà Mùkáílà, bàbá Kareemah, ní Ìwó, kálukú ti bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Lóòótọ́, Kareemah kò lọ síléèwé. Ìyá bàbá rẹ̀, Alhájà Hàbíbátù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ ọ nílé títí ó fi di akọ̀wé tó ń bá àwọn ará àdúgbò kọ lẹ́tà.

Lẹ́tà ló mú òun àti Badrudeen, ọmọkùnrin Ilé-Ogbó náà, pàdé. Ọ̀gá iléeṣẹ́ búlọ́ọ̀kù tí Badrudeen ń bá ṣiṣẹ́ fún un ní kúẹ́rì pé ó ń pẹ́ dé. Ó wá kí Kareemah bá òun fèsì lédè Òyìnbó pé irọ́ gbuu ni ọ̀gá ń pa. Kareemah, tí kì í wojú àlejò, bi í bóyá ó dá a lójú pé ọ̀gá mọ òótọ́ tó sì ń fi pamọ́. Badrudeen ronú, ó ní rárá, bóyá ọ̀gá ò rí òun nígbà tóun wọlé ni. Kareemah ní a jẹ́ pé àṣìṣe lọ̀gá ṣe, kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kọ ọ́. Iṣẹ́ kò bọ́. Láti ọjọ́ náà ni Badrudeen ti ń wá kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń pè é ní ìmọ́lẹ̀ òun, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Ẹbí Badrudeen ti wá kọ lẹ́tà ìtọrọ ránṣẹ́ báyìí, èsì ni wọ́n ń retí. Nítorí ohun tí wọ́n sọ fún un, Áfáà ju bírò sórí ẹní. Ó ní kí Kareemah kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé òpùrọ́ lọmọ wọn, irọ́ ni gbogbo ìfẹ́ tó ń pè, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Kareemah kúnlẹ̀. Ó ti pinnu.

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá mi. Ẹni tó mọ òótọ́ tó wá sọ òdìkejì là ń pè ní òpùrọ́. Mi ò tíì mọ̀ bóyá Badrudeen ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni n ó fi kọ ọ́."

Áfáà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Alhájà ló fọhùn.

"Mùkáílà, ọmọ yìí ò bú ẹ. Kareemah, wọ híjáàbù ẹ, ká lọ."

Kẹ̀kẹ́ Máruwá ló gbé wọn dé Ilé-Ogbó. Ní gbogbo ọ̀nà ni Kareemah ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn Badrudeen kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Síbẹ̀, kò ní kí wọ́n yí padà.

Ṣàfíù, onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun fún Badrudeen, pa kílípà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhájà. Kareemah ò dúró kí Alhájà bá òun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní kí Ṣàfíù sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Badrudeen, kó má fi kún un, kó má yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ojú ti Ṣàfíù díẹ̀.

"Èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣé ọmọ tí kò jókòó sí kíláàsì rí ló fẹ́ gbé níyàwó. Orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kò tilẹ̀ mira. Ó ní, 'Ọmọ tí kò jókòó sí kíláàsì rí ló kọ́ mi ní gbogbo ìwé tí mo mọ̀. Ṣàfíù, mi ò lè fẹ́ ẹlòmíràn.'"