Àlejò Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kọ́kọ́ rú Hannah lójú. "Mò ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà, níbi tó yẹ kí ọmọlúàbí kọ "Á gba ibi ire" sí.

Tíṣà kẹ́mísírì ni Hannah ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń gun ọ̀kadà lọ sí kafé kan nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé. Ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti mọra, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jiyàn. Wọ́n pín ojú òpó wọn bí ẹni pín ilé. Pálọ̀ ni ibi ọ̀rọ̀ gidi: ìràwọ̀, kòkòrò, ásíìdì, ìdí tí mànàmáná fi ń ṣáájú àrá. Ibi kejì ni wọ́n pè ní Ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá gbé sáyẹ́ǹsì wọ Ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á lé e padà sí Pálọ̀ tìwọ̀sí-tìwọ̀sí. Ọkọ tó ń hanrun, bàtà tó ń ta lẹ́sẹ̀, ọ̀gá tí kì í fẹ́ kéèyàn jókòó, irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ nìyẹn.

Kí n má purọ́, Ẹ̀yìnkùlé dùn ju Pálọ̀ lọ. Ajíbóyè, ẹnjiníà kan ní Kàdúná tó dá ojú òpó náà sílẹ̀, kì í jáde níbẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá tó ń kọ́ nípa kòkòrò ní Kánádà kì í ṣe ju kó máa bú yìnyín kó sì máa sunkún iyán lọ. Hannah fúnra rẹ̀, Ìyá Ásíìdì ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an láàárín wọn.

Wọ́n kó ìwà ilé lọ sórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jẹun á kọ ọ́ pé, "Ẹ wá jẹun o," àwọn yòókù á sì dáhùn pé, "Á gba ibi ire." Kò sẹ́ni tó ń lọ jẹ ẹ́. Ẹni tó pè mọ̀, ẹni tí wọ́n pè náà mọ̀. Hannah ló ń pè jù, torí òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé nílé bàbá rẹ̀ tó ti kú, Màmá sì máa ń gún iyán lọ́sàn-án Sátidé. Kó tó dìde nídìí kọ̀ǹpútà, á ṣàpèjúwe ọbẹ̀ tó wà nílé kí itọ́ lè dà lẹ́nu Ọmọ́rìnsọ́lá, á wá pè wọ́n.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, Ajíbóyè dáhùn pé á gba ibi ire. Ọmọ́rìnsọ́lá dáhùn bákan náà, ó fi èébú díẹ̀ lé e. Ẹni kẹta ló kọ ọ́ pé, "Mò ń bọ̀. Mo rí èéfín ulé yín. Uyán ìyá á dùn."

Orúkọ tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà ni Àlejò. Orúkọ tí ẹ̀rọ ń fún ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ nìyẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó kà á sí. Ulé àti uyán tó kọ dípò ilé àti iyán ló dùn mọ́ Hannah nínú. Ọmọ ìlú mi nìyí, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ọ̀kadà lọ sílé.

Nígbà tó dé, Màmá jókòó sórí àpótí níwájú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n fajú ro. Wọ́n ní ìgbà wo ni Hannah kọ́ àṣà kéèyàn máa wọlé jẹun láìkí ìyá ẹni. Hannah ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni. Màmá ṣí abọ́. Ẹnìkan ti bu òkèlè ńlá lára iyán náà, ibi tó ti bù ú mọ́ rekete. Ọbẹ̀ ṣì gbóná, iyán náà gbóná, ṣùgbọ́n nígbà tí Hannah fọwọ́ kan ojú ibi tí wọ́n bù, ó tutù bí òkúta tí òjò pa mọ́jú. Òórùn kan sì wà níbẹ̀, èyí tó máa ń jáde lára àpáta nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá bọ́ sí i.

Hannah ní ológbò ni. Màmá nawọ́ sí abọ́ omi tó ti dàrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, wọ́n béèrè ológbò tó máa ń fọwọ́ kó tó jẹun.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Sátidé kejì, àti èyí tó tẹ̀lé e. Màmá kì í ṣe ẹni tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ra, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìyá ìjọ. Ìròyìn náà rìn títí ó fi dé Ìbàdàn, létí Ebenezer, ọmọkùnrin wọn àgbà. Ebenezer pe Hannah lórí fóònù, ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le: Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ wọn tán, wọ́n ń gbàgbé pé àwọn ló jẹ ẹ́. Òun á wá mú wọn lọ sí Ìbàdàn tí Ọdún Àjíǹde bá dé, kí wọ́n máa gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ òun, níbi tí ẹni tó máa ṣọ́ wọn wà.

Màmá ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n lọ jókòó létí sàréè ọkọ wọn lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ń fẹjọ́ sùn ún pé ọmọ rẹ̀ ní orí àwọn ò pé mọ́, pé wọ́n fẹ́ gbé àwọn lọ síbi tí ẹsẹ̀ ò ti ní kan ilẹ̀. Ó dun Hannah wọ eegun. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé òun náà ti ń gba Ebenezer gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Sátidé yẹn, ọkàn Màmá ò sí nídìí ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè, iyọ̀ já mọ́ wọn lọ́wọ́. Hannah mu omi títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bó ṣe jókòó ní kafé báyìí, ọ̀rọ̀ Àlejò ló kọ́kọ́ rí:

"Ẹ bá mi kí ìyá. Iyọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá pọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìgbín yẹn dára."

Hannah kà á lákàtúnkà. Ó wo ẹ̀yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún kafé, olúkúlùkù tẹjú mọ́ tiẹ̀, fáánù ń yí lókè. Òun àti Màmá nìkan ló tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò, kò sì dárúkọ ìgbín fún ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀yìnkùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá. Gbogbo Sátidé tó pè wọ́n wá jẹun ni Àlejò dáhùn pé òun ń bọ̀. Sátidé kan ṣoṣo tí òjò ò jẹ́ kó jáde, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan iyán Màmá. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju ẹ̀rù lọ, torí ó ti hàn sí i pé orí ìyá rẹ̀ pé pérépéré. Báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ kí Ebenezer gbà? Ohun tí onísáyẹ́ǹsì ń ṣe nípa irú èyí ni kó dán an wò.

Ebenezer dé nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀la. Wọ́n ti di ẹrù Màmá sílẹ̀ ní pálọ̀. Hannah bẹ̀ ẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́: kí ó jókòó ti iyán lọ́sàn-án yìí. Bí òun bá ti kafé dé tí òun sì bá iyán náà bí Màmá ṣe gbé e kalẹ̀, kí ó máa gbé Màmá lọ, òun ò ní í sọ̀rọ̀ kankan. Bí ó bá sì dín, kí Màmá máa gbé ilé wọn. Ebenezer rẹ́rìn-ín àbúrò tó kàwé àkàjù, ó gbà. Ó gbé abọ́ iyán síwájú, ó fi ọwọ́ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá jókòó sí òdìkejì.

Ní kafé, Hannah kọ ọ́ pé iyán ti délẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni, ẹ wá jẹun. Á gba ibi ire, Ajíbóyè wí. Á gba ibi ire, ìkà ni ọ́, Ọmọ́rìnsọ́lá wí. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Mò ń bọ̀."

Fóònù rẹ̀ dún láìpẹ́. Ohùn Ebenezer kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Hannah fi ní láti fi ìka di etí kejì nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀.

"Hannah, ta lo pè?"

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó ń fọwọ́."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ebenezer sọ ìyókù, kò sì tún un sọ mọ́. Ó ní omi inú abọ́ kọ́kọ́ dàrú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi pé èèyàn ń ṣan ìka nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìdérí tutù mọ́ òun lọ́wọ́ títí òun fi jù ú sílẹ̀. Iyán bẹ̀rẹ̀ sí í gé lókèlè lókèlè, ó ń kan ọbẹ̀, ó ń rá, kò sì sẹ́nì kankan níbẹ̀. Màmá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti abọ́ ọbẹ̀ sún mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ẹ rọra o, ó gbóná." Nígbà tó tán, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ebenezer dún bí ìgbà tí ẹni tó yó bá dìde, òórùn òjò sì gba inú ilé kan.

Ebenezer dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó tọrọ àforíjì, kò sì dúró ṣe Àjíǹde. Ó ti dé Ìgbàrà-Òdò kó tó rí i pé bàtà Hannah ni òun wọ̀. Màmá tú ẹrù wọn pẹ̀lú orin ìjọ lẹ́nu, wọ́n sì rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ bàtà náà títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Hannah kọ̀wé sí Ajíbóyè ní ìkọ̀kọ̀, ó bi í pé ibo ni Àlejò ti ń kọ̀wé. Èsì tó dé kò gùn. Ajíbóyè ní àlejò lè kà, kò lè kọ. Òun ò ṣí àyè fún wọn rárá. Òun tilẹ̀ rò pé Ìyá Ásíìdì ló ń fi ara rẹ̀ ṣeré.

Láti ìgbà náà Hannah pinnu pé òun ò ní í pe ẹnikẹ́ni wá jẹun mọ́. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní èèyàn kan ti gba àwọn lọ́wọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìbàdàn, àwọn ò sì ní í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìdúpẹ́. Ní Sátidé, wọ́n wọ aṣọ ìjọ, wọ́n wé gèlè, àwọn àti Hannah wọ tákísí lọ sí kafé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde fún wọn. Hannah ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí ọ̀rọ̀ jáde:

"Ẹ kú ọ̀nà, ìyá. Mo ti jẹ tiyín tó. Ó kàn mí wàyí. Uyán ti délẹ̀ ní ulé mi. Ẹ wá jẹun."

Hannah fẹ́ purọ́ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

"Kà á fún mi," Màmá wí.

Ó kà á, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà sínú lọ. Màmá tún gèlè wọn ṣe. Ojú wọn wá là díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín sì yọ níbẹ̀.

"Kọ ọ́ fún un pé mo dúpẹ́. Kó bu temi sílẹ̀. Mi ò kánjú."

Omi ojú ni Hannah fi tẹ̀ ẹ́, nítorí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó sì yé e pé wọ́n gba ìpè sí ilé tí a kì í ti ibẹ̀ padà, wọ́n kàn kọ̀ láti lọ báyìí ni. Èsì dé lójú ẹsẹ̀.

"Mo ti bù ú, ìyá. Hannah ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó tíì pe orúkọ yẹn rí ní Ẹ̀yìnkùlé. Hannah tẹ "Á gba ibi ire" láìṣi lẹ́tà kan, ó sì pa kọ̀ǹpútà lójijì, ohun tó máa ń torí rẹ̀ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wí.

Nínú tákísí, ara Màmá yá gágá, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n délé, wọ́n yíjú sí Hannah.

"Kò mà sọ ọbẹ̀ tí ọ́n fi jẹ ẹ́?"

"Kò sọ, Màmá."

Màmá pòṣé. Wọ́n ní báwo la ṣe ń pe èèyàn síbi uyán tí a ò ní í dárúkọ ọbẹ̀.

Hannah gbìyànjú láti má lọ ní Sátidé kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà. Ẹ̀yìnkùlé ń dún bó ṣe máa ń dún. Ọmọ́rìnsọ́lá ń bú yìnyín, Ajíbóyè ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lókè ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ẹnìkan ti kọ tiẹ̀ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní àkókò tí tákísí ń gbé òun àti Màmá lọ sílé:

"Ẹ̀gúsí ni, ìyá. Ìgbín wà nínú rẹ̀."

Hannah ò tíì sọ ọ́ fún Màmá títí di òní. Ó mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀gúsí oníìgbín tó.