Ṣé Ojú Kan Ni, àbí Méjèèjì?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin náà ṣẹ́jú sí Ṣóbándé, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà wò. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ láàárín èérún pákó tí Ṣóbándé ti fá dànù, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Iwájú búrò àwọn akọ̀wé kan ní Sakété ni ṣọ́ọ̀bù Ṣóbándé wà, ibi tó ti ń kan tábìlì àti àga. Láti ojú fèrèsé búrò náà ni obìnrin yìí ti gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó tààrà, ó sì rọra ṣẹ́jú. Ó tún un ṣe.

Ẹ̀rù ba Ṣóbándé. Ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìwé tó kà kò tó nǹkan, bó bá sì fẹ́ bá obìnrin sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ a máa há sí i lọ́fun. Ó tẹrí ba, ó ń fá pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejì ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ni Ṣóbándé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù tuntun lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó lọ kí Eugénie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní Pobè, ó jẹ́wọ́.

"Ṣé ojú kan ló ń ṣẹ́, àbí méjèèjì?"

"Méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi."

"Háà!" Eugénie gbé orógùn sílẹ̀. "Ojú kan ni mo mọ̀ sí ìfẹ́. Tó bá wá di méjèèjì, ìfẹ́ ọ̀hún ti légbá kan nìyẹn. Kí lo sọ fún un?"

"Mo... mo ń fá pákó."

"Ṣé pákó lo fẹ́ fẹ́ ni? Ẹ̀rù ni yóò jẹ́ kó o ṣe àpọ́n wọ sàréè!"

Eugénie ò bi í léèrè mọ́. Láìpẹ́, ó gun ọ̀kadà zẹ́mì wá sí Sakété, ó gbé àpò ọsàn kan, ó yà sí búrò náà. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo, Ṣóbándé sì ń gbọ́ ọ láti òdìkejì títì.

"Ìyàwó wa dà? Èyí tó ń ṣẹ́jú sí àbúrò mi!"

Ẹ̀rín bú jáde láàárín àwọn òṣìṣẹ́ búrò. "Morẹ́nikẹ́, wọ́n ń pè ọ́ o!"

Obìnrin ojú fèrèsé náà dìde, ó kúnlẹ̀, ojú ń tì í.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ojú ló ń dùn mí. Kọ̀ǹpútà tí mo ń wò látàárọ̀ ló ń jẹ́ kó gbẹ, kó máa ta bí ata. Dókítà kan wá kọ́ wa bá a ṣe ń ṣọ́ ara wa níbi iṣẹ́. Ó ní tá a bá ti tẹjú mọ́ ọn, a kì í rántí ṣẹ́jú. Ó ní ká máa wo ọ̀ọ́kán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ká máa rọra ṣẹ́jú. Ṣọ́ọ̀bù pátọ́ọ̀nù, ọ̀gá oníṣẹ́ igi yẹn, ni mo sì ń rí lọ́ọ̀ọ́kán."

"Àṣé oògùn ojú ni àbúrò mi!" ni Eugénie wí, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Ṣóbándé ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gbé pákó gbọọrọ dí iwájú ṣọ́ọ̀bù, kó má baà rí fèrèsé, kí fèrèsé má sì rí i. Ó ní ó tán. Ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó ti mọ́ ọn lára kí ẹnì kan máa wo òun.

Kò pẹ́, ẹnì kan lu pákó náà, kó, kó, kó.

"Pátọ́ọ̀nù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dí mi lójú." Morẹ́nikẹ́ ni.

"Ẹ... ẹ jọ̀ọ́. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́hùn-ún. Ẹ lè máa wò ó."

"Òrùlé ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n yín." Ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà, ó wo ẹ̀wù rẹ̀. "Òrùlé kì í wọ ẹ̀wù tuntun."

Ṣóbándé mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ báyìí, obìnrin yìí ò ní padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ fẹ́ há, ó fipá tì í jáde.

"Àga yín rẹlẹ̀ jù," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Àga mi kẹ̀?"

"Ẹ máa ń na ọrùn bí àgbébọ̀ tó rí àṣá. Lẹ́yìn náà ẹ ó fọwọ́ di ẹ̀yìn ọrùn mú. Èmi náà ti ń wò yín... Mo fẹ́ kan òmíràn fún yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àga nìkan ló wà lọ́kàn mi o, Morẹ́nikẹ́."

Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Ojú mi ò gbẹ mọ́."

Pákó tó fi dí ṣọ́ọ̀bù náà ló fi kan àga tó gba ẹ̀yìn ró, ó fi èyí tó ṣẹ́ kù kan àpótí tó gbé kọ̀ǹpútà ga bá ojú. Ọrùn Morẹ́nikẹ́ sinmi.

Nígbà tí wọ́n lọ tọrọ rẹ̀, bàbá Morẹ́nikẹ́ ní Issaba kọ́kọ́ fajú ro. "Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ búrò, kó lọ fẹ́ ẹni tó ń fá igi?" Morẹ́nikẹ́ ò jiyàn. Ó ti gbé àga náà dání, ó ní kí bàbá jókòó sórí rẹ̀ ná. Bàbá jókòó. Bàbá sùn lọ fọnfọn. Nígbà tó jí, ó ní kí wọ́n dá ọjọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Pobè, àgbà ìdílé bi ìyàwó níwájú èrò bóyá ó gbà. Morẹ́nikẹ́ wo òdìkejì àgbàlá, níbi tí Ṣóbándé jókòó sí tó ń làágùn, ó sì ṣẹ́jú.

Eugénie fò sókè. "Ojú kan ni! Ẹ gbà mí o, eléyìí kì í ṣe ti dókítà! Ojú kan ni!"

Lọ́tẹ̀ yìí, Ṣóbándé ò wo ẹ̀yìn. Ó ṣẹ́ tirẹ̀ padà.