Ọ̀wẹ̀ Àna ní Sátidé Kẹta

Ojú wa ṣe mẹ́rin ní ọjà Ọ̀sì, ní ọdún ìbò yẹn. Igbá iyọ̀ wà lórí mi, mi ò rí ọ̀nà kọjá. Àwọn ọkùnrin ń ti ara wọn nídìí tábìlì kan nítorí káàdì ẹgbẹ́. Ọmọkùnrin tó ń kọ orúkọ gbójú sókè, ó rí mi, yíǹkì sì kán tó sórí káàdì bàbá kan.

"Kí lorúkọ yín?" ló bi mí.

"Obìnrin kì í dìbò ní Àríwá níhìn-ín."

"Ta ló ń sọ ti ìbò?"

Bí èmi Ṣubúọlá, ọmọ Ògúnjìnmí ará Ìlọfà, ṣe kó sínú ìfẹ́ Japhet nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé olùkọ́ni ni. Olóyèdé ará Ọ̀sì, tó ń du ipò aṣòfin, ló ń lò ó nígbà ọlidé. Láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, Japhet á máa kọ orúkọ, á máa kọ lẹ́tà, á tún gun kẹ̀kẹ́ lọ jíṣẹ́. Kò gba kọ́bọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ṣèlérí fún un, èyí tí yóò mú un wọ yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ṣé wọ́n ti kọ ọ́?" ni mo máa ń bi í.

"Ó di ẹ̀yìn ìbò, olólùfẹ́ mi."

Ẹgbẹ́ kejì ni bàbá mi ń ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí Japhet wá tọrọ mi, wọn ò lé e.

"Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá ní Sátidé," ni wọ́n wí, "kí ẹ wá kọ ebè fún mi lóko. Ọ̀wẹ̀ tí àna ń ṣe fún bàbá ìyàwó nìyẹn."

Sátidé pé, ìyá mi gún iyán ogún ènìyàn. Japhet ò wá. Olóyèdé ti rán an lọ sí Odò-Ọwá. Ní Sátidé kejì, Ọ̀bbó-Ilé ni wọ́n rán an. Iyán tún tutù sílé.

"Ṣé ọmọ-ọ̀dọ̀ Olóyèdé lo fẹ́ fẹ́ ni?" ìyá mi bi mí.

Bàbá mi bínú gan-an. "Ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹlòmíì lójoojúmọ́, kò lè ṣe ọjọ́ kan fún mi! Sátidé tó ń bọ̀ ni ìkẹyìn. Bí kò bá wá, kó gbàgbé rẹ."

Japhet lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda Sátidé náà fún òun. Kí Ọ̀gá lè gbà á gbọ́, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: oko Ògúnjìnmí, òdìkejì odò, lẹ́yìn afárá onígi.

Olóyèdé rẹ́rìn-ín. "Ògúnjìnmí tó ń ba ẹgbẹ́ wa jẹ́ n'Ílọfà? Máa lọ, ọmọ dáadáa. Sátidé láàárọ̀, àbí?"

Inú Japhet dùn nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi. Èmi ní tèmi, ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó já wọlé wa, eruku bò ó lójú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sóko lọ́la. Àwọn jàǹdùkú Ọ̀gá máa dè yín níbi afárá, tàwọn tàdá."

"Ìgbà kẹta!" Bàbá pariwo. "Ìwọ ò fẹ́ wá, o tún ní kí èmi náà má lọ. Ọ̀lẹ! Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n fi rán wọn níṣẹ́, Bàbá. Ọ̀gá ń pè é, èmi ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí n gbé e fún àwọn ọmọ wọn l'Ọ́bbó-Ilé, kí n wá padà wá gba lẹ́tà tèmi."

Mo gbọ́ mọ́tò kan lọ́nà Ọ̀sì, ó ń rọra kù bọ̀. Mọ́tò Olóyèdé nìkan ló ń dún bẹ́ẹ̀; ó dà bíi pé wọ́n ń wá Japhet bọ̀.

"Bí o bá fi ìwé náà sílẹ̀ níbí," Bàbá wí jẹ́jẹ́, "o ò rí lẹ́tà tìrẹ mọ́ nìyẹn. O ò sì lè padà s'Ọ́sì."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Èmi ò mọ̀wé. Gbé e fún Ṣubúọlá kó kà á. Bó bá jẹ́ òótọ́, ọ̀wẹ̀ tìrẹ nìyẹn. O ti ṣe é pé."

Japhet fa ìwé náà yọ lápò àyà rẹ̀. Ọwọ́ tó máa ń kọ "Àyànfẹ́ mi" sí mi ló kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀, kedere, kò sí yíǹkì tó kán sí i. Ó wò mí bó ti wò mí lọ́jà lọ́jọ́ kìíní, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.