Orúkọ Morẹ́nikẹ́ Lọ sí Dúbáì

"Olè! Morẹ́nikẹ́, olè ni ọ́! Olè tó ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ!"

Bàbá Ajíbádé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lójúde Tíṣà Bọ́láwálé, ọkọ Morẹ́nikẹ́, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́fà mìíràn dúró tì í, àdá wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn sì pọ́n. Oko ni wọ́n ń lọ, ìbínú ló mú wọn yà sílé obìnrin náà.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti ń kó orógbó wa fún ọ! A ò bá ọ kọ ìwé rí! Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ la gbà! Ṣé ùwọ náà ló wá fi ùyà jẹ wá lọ́jọ́ alẹ́ wa? Ṣé kì í ṣe ulé yìí ni mo ti jẹ uyán lọ́jọ́ tí o sọ ọmọ rẹ lórúkọ?"

Morẹ́nikẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, kọ́bọ̀ ò tẹ̀ mí lọ́wọ́! Bàbá Túnmiṣe ló bá wa lọ sí Dúbáì. Wọ́n ní bánkì ibẹ̀ lé wọn, oníbàárà wa náà sì..."

"Má fi orúkọ mi sí i!" Ọkọ rẹ̀ ló jáde láti inú pálọ̀, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, pákò wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, mo fi ẹsẹ̀ ara mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn kì í ṣí àkáǹtì fún ẹni tí kì í gbé ìlú àwọn. Wọ́n lé mi bí ajá! Orógbó tí obìnrin yìí sì kó ránṣẹ́, ó ti jẹrà! Oníbàárà ní òun ò lè san owó ìdọ̀tí! Ọ̀lẹ ni, kò lè ṣa orógbó mọ́!"

Ẹ gbọ́ ẹnu ìkà! Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òfin Mẹ́wàá, irọ́ ló ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí itọ́ pákò yẹn. Kò mọ̀ pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti kọ ohun tí yóò tú òun fó.

Fadékẹ́mi, àbúrò Morẹ́nikẹ́, yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Yẹtí wúrà tuntun ń mì létí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bẹ̀ wọ́n o. Ẹ ti ba orúkọ ìdílé wa jẹ́ ná."

Bàbá Ajíbádé na àdá rẹ̀ sí ọ̀nà. "A fún ọ di ọjọ́ Ajé. Bí a ò bá rí owó wa, a óò kéde rẹ láti ibí dé Ará, dé Ìjerò. Kò ní sí àgbẹ̀ tí yóò tún fi horo orógbó kan lé ọ lọ́wọ́ títí o ó fi kú!"

Wọ́n lọ. Morẹ́nikẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, àti orúkọ kan ṣoṣo tó ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi. Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni Morẹ́nikẹ́ àti Fadékẹ́mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Fadékẹ́mi nígbà tí ìyá wọn kú. Morẹ́nikẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra orógbó káàkiri abà, òwò náà ló fi rán àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwé títí dé yunifásítì. Nígbà tí ó jáde tí kò ríṣẹ́, Morẹ́nikẹ́ ní kó wá máa gbé ọ̀dọ̀ òun. Inú ilé àánú yẹn náà ni Fadékẹ́mi ti gba ọkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fi ibi san oore! Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní, àyàfi pé oòrùn oko ò tíì pa ti àbúrò.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan ní Dúbáì fẹ́ ra orógbó Morẹ́nikẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ó ní inú bánkì ìlú àwọn lòun yóò san owó sí, ní orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́. Bánkì náà ní àwọn máa ń ṣí àkáǹtì fún oníṣòwò tó wá láti ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tì, ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ìwé láti bánkì tó ń lò nílé, àti àdírẹ́ẹ̀sì. Morẹ́nikẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́ kí ọkọ rẹ̀ tó ní rárá.

"Ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà? Ṣé kí o kú sínú ọkọ̀ òfurufú ni? Kó ìwé rẹ wá, màá bá ọ lọ ṣàlàyé."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Túnmiṣe. Ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re." Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò fi "o" tàbí "ọ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Fadékẹ́mi ní òun ń lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ìbàdàn kẹ̀! Wọ́n ti fi ìwé ìbí Morẹ́nikẹ́ ṣe páásípọ́ọ̀tì: orúkọ ẹ̀gbọ́n, ojú àbúrò! Fadékẹ́mi jókòó níwájú òṣìṣẹ́ bánkì, ó ní, "Èmi ni Morẹ́nikẹ́," ó sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí Bọ́láwálé bá a kọ. Ilé ni wọ́n ti wá ń dúró kí owó jáde, tí ẹni tó ni orúkọ ń kúnlẹ̀ níta.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Morẹ́nikẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ìtìjú ti pọ̀ tó. Àwọn obìnrin sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kejì, Isaac, akọ̀wé ìjọ, dìde láti ka ìkéde.

"Lẹ́tà méjì ló wà nínú àpótí lẹ́tà ìjọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan fún Bàbá Adéyínká, láti ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì. Èkejì," ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, "fún Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ Dúrótoyè. Ó wá láti bánkì kan ní Dúbáì."

Ìwé orin já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan láàárín ẹgbẹ́ akọrin. Fadékẹ́mi ni.

Bọ́láwálé ti fò dìde. "Mú un wá! Ìyàwó mi ni, èmi ni mo máa gbà á!"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ni Isaac wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣe òfin yìí nígbà tí ẹ jẹ́ akọ̀wé. Ẹni tó ni orúkọ ni yóò fọwọ́ síwèé kó tó gba lẹ́tà."

"Mo ní mú un wá!"

"Ẹ jókòó, Tíṣà," ni Àlùfáà Ọlátúnjí sọ. "Màmá Túnmiṣe, ẹ bọ́ síwájú."

Morẹ́nikẹ́ lọ, ó fọwọ́ síwèé. Ó na lẹ́tà náà sí Túnmiṣe ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Aramọkọ. Túnmiṣe ya á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

"'A dúpẹ́ pé ẹ wá sí ọ́fíìsì wa fúnra yín láti ṣí àkáǹtì. Owó orógbó yín ti wọlé pé...' Màmá! Owó ti wọlé! 'Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹ kì í ti í gbé ìlú wa, ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi buwọ́ lu ìwé tó wà nínú àpò lẹ́tà yìí, kí a lè mọ̀ pé àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ fún wa lẹ ń gbé lóòótọ́. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ nìyí.'" Túnmiṣe ṣí ojú ewé kejì. Ó pariwo. "Orúkọ yín ló wà níbí! Àwòrán Àǹtí Fadékẹ́mi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn!"

Ha! Ariwo wo ló tún kù! Fadékẹ́mi sáré jáde láàárín akọrin, ó na ìka sí Bọ́láwálé. "Òun ni! Òun ló ní kí n ṣe é! Ó ní tí owó bá jáde òun á lé ẹ̀gbọ́n mi, òun á fẹ́ mi!"

"Panṣágà! Ìwọ lo tàn mí!"

"Òmùgọ̀ àgbà! Àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó ni mo ní kí o kọ! Kí ló gbé àpótí ṣọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀?"

Bọ́láwálé wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. "Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Ohun tí mo máa ń kọ ni mo kọ."

Òótọ́ ló sọ, bóyá òótọ́ àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn. Ilé wọn ò ní nọ́ńbà, àdúgbò wọn ò ní orúkọ lórí ìwé, àpótí ìjọ ni gbogbo wọn fi ń gba lẹ́tà. Láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ tíṣà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń kọ àpótí yẹn sórí fọ́ọ̀mù, ọwọ́ náà kò sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá olè ló ń jà lọ́jọ́ náà.

Bàbá Ajíbádé ṣí fìlà, ó dúró níwájú Morẹ́nikẹ́. "Ọmọ mi, ojú ayé ni mo ti pè ọ́ lólè. Ojú ayé náà ni mo ti bẹ̀ ọ́ yìí. Má bínú sí arúgbó."

"Bàbá, ẹ dé fìlà yín," ni Morẹ́nikẹ́ wí. Ìgbà náà ló tó sunkún.

Ọlọ́pàá Aramọkọ mú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bi Fadékẹ́mi pé kí ni orúkọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ wo páásípọ́ọ̀tì tó wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ kí bánkì tó gbà pé ojú tí àwọn rí kọ́ ló ni orúkọ tí àwọn kọ. Morẹ́nikẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Dúbáì, ẹ̀jẹ̀ ríru ò pa á, ó sì kó owó àwọn àgbẹ̀ bọ̀. Adájọ́ rán Fadékẹ́mi lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta ní Adó. Bọ́láwálé bá a lọ, ṣùgbọ́n àìsàn àti ẹ̀bẹ̀ àwọn ẹbí mú kí wọ́n dá a sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn ẹbí náà kò gbà á sílé.

Ìgbà ọyẹ́ ni Bọ́láwálé dé ojúde tí ó ti purọ́ lọ́jọ́sí. Morẹ́nikẹ́ jókòó ti òkìtì orógbó, ó ń ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Morẹ́nikẹ́ mi! Nítorí Ọlọ́run, forí jì mí!"

Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀. "Morẹ́nikẹ́ wo? Àbí èyí tó bá ọ lọ sí Dúbáì?"

Ara Bọ́láwálé tutù. Ó gbọ́ "ọ" yẹn.

"Bàbá mi rẹ́ni kẹ́, ó sọ mí ní Morẹ́nikẹ́. Ìwọ náà rẹ́ni kẹ́ nínú ilé mi, o sì kẹ́ ẹ. Adó ló wà. Ọjọ́rú ni wọ́n ń gba àlejò. Dìde, kí o máa gbé oúnjẹ lọ fún un."