Láptọ́ọ̀pù Tí Yóò Gbé Gbóyèga Lọ

Inú òjò ni ọkùnrin náà ti yọ sí i. Síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù lọ́rùn rẹ̀. Ó ti fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé nǹkan kan, ó sì gbá a mọ́ àyà pinpin. Ràhámọ̀tù rò pé ọmọ jòjòló ni. Ó ti dìde kí ó bá a gbà á kí ó tó rí wáyà ṣájà tó ń wọ́ nílẹ̀ tọ ọkùnrin náà lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ni ọkùnrin náà wí, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn fún òtútù. "Láptọ́ọ̀pù mi ti kú."

"Ṣé òjò ló pa á ni?"

"Rárá o. Àná ló ti kú. Mi ò kàn fẹ́ kí òjò tún pa òkú ni."

Ràhámọ̀tù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti fún àlejò ní àga. Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà ọjà ní Ìjerò.

Ọmọ télọ̀ ni Ràhámọ̀tù. Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá tẹ̀dó sí Ìjerò kí wọ́n tó bí i. Ọdún mẹ́ta ni Ràhámọ̀tù fi kọ́ iṣẹ́ títún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Òṣogbo, ó sì ní àṣà kan tí àwọn oníbàárà máa ń tìtorí rẹ̀ kùn. Láptọ́ọ̀pù kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí kò bá tí ì ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta gbáko níwájú rẹ̀, kí ó gbóná dáadáa, kí ó fi ìwà rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ń kánjú a máa bá ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá ní sùúrù kì í padà wá jà.

Gbóyèga lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tíṣà ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjerò. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe.

"Kí lẹ fẹ́ máa fi òmíràn ṣe?" ni Ràhámọ̀tù bi í.

"Kí n máa fi kàwé, kí n máa fi ṣiṣẹ́, kí n sì lè gbé e rìn jìnnà."

"Tí ẹ bá fẹ́ gbé e rìn jìnnà, ẹ má wo dídán rẹ̀ o. Bátìrì ni kí ẹ wò. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, kí ẹ mọ̀ bóyá ọrùn rẹ̀ le. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ní sùúrù, màá bá yín wá èyí tó máa bá yín kalẹ́."

Gbóyèga wò ó lójú. "Ṣé ti láptọ́ọ̀pù lẹ̀ ń sọ?"

"Tíṣà, ti kí lẹ rò?"

Láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, Gbóyèga á yà wá béèrè bóyá tòkunbọ̀ tuntun ti dé. Nígbà tó yá, ó ń yà láìbéèrè nǹkan kan. "Ẹ" di "o", "Tíṣà" di "Gbóyè mi", Ràhámọ̀tù sì di "Ràhámọ̀". Kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ náà gan-an tó ṣẹlẹ̀, àwọn méjèèjì pàápàá ò lè sọ ọ́.

Ọ̀sán kan ni ó wá sọ ìdí tó fi nílò láptọ́ọ̀pù náà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Jámánì fẹ́ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọdún méjì. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù. Orí láptọ́ọ̀pù ni yóò ti ṣe é, kámẹ́rà á máa wò ó fún wákàtí méjì. Bí ẹ̀rọ bá kú láàárín, ó tán nìyẹn, kò sí àtúnṣe.

"Ìwọ lo máa yan èyí tí màá lò," ni Gbóyèga wí, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé.

Ràhámọ̀tù bá a yọ̀ lẹ́nu. Àyà rẹ̀ ti já. Ó wá yé e pé òun fúnra òun lòun ń fọwọ́ ara òun wá ohun tí yóò gbé ọkùnrin yìí lọ. Bó bá ṣe yàn án dáadáa tó ni yóò ṣe lọ dájú tó. Láti ìgbà yẹn ni kò ti rí oorun sùn dáadáa mọ́.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìdánwò náà, obìnrin gíga kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Ṣé ìwọ ni Ràhámọ̀tù? Èmi Dorcas, ìyá Gbóyèga."

Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí ìyá yìí ń sọ nípa òun.

"Dìde, mi ò wá bá ọ jà," ni ìyá wí. "Mo ti ní ọmọ Ìwó, ọmọ Mùsùlùmí, kò níí wọ ulé mi. O gbọ́, àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ọkùnrin méjì ni mo bí. Moses, èyí àgbà, gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ó di ọdún méje. Bó kú, mi ò mọ̀. Bó wà láyé, mi ò mọ̀. Gbóyèga ló kù mí kù, òun náà tún fẹ́ lọ."

"Mọ́mì, bàálù ni yóò wọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń pè é."

"Mi ò rí ohun tó yàtọ̀ ńbẹ̀." Ohùn ìyá já wálẹ̀. "Wọ́n ní inú ẹ̀rọ tí o ń tà ni uṣẹ́ náà wà. Bí ẹ̀rọ bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ọmọ mi ò lọ mọ́. O fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀. Bá mi dá a dúró, kí o wá wọ ulé mi. Ẹnu mi ò níí dárúkọ Ìwó tàbí mọ́ṣáláṣí mọ́ láé."

"Mọ́mì, mi ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

Ìyá nu ojú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò bá a lọ. Ó jókòó ti Ràhámọ̀tù ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá a délé, ó bá a jẹun.

Láptọ́ọ̀pù méjì ló wà nílẹ̀ fún Gbóyèga. Ọ̀kan dúdú, ó nípọn díẹ̀, kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́jú fún wákàtí mẹ́ta. Èkejì fẹ́lẹ́ńfẹ́lẹ́, ó funfun bí ṣíbí tuntun. Ó ní àrùn kan: bó bá ti gbóná, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnléláàádọ́ta, á kàn kú fin-ín láìkìlọ̀. Ràhámọ̀tù ti yà á sọ́tọ̀ pé òun kò ní tà á.

Gbóyèga dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ó ń kánjú lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, nítorí pé ilé tó ń gbé ní Ìjerò kún fún ariwo, ilé ìyá rẹ̀ ló sì fẹ́ ti ṣe ìdánwò náà.

"Olówó orí mi ọ̀la," ni Ràhámọ̀tù fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín náà ò dé ojú. "Èwo lo fẹ́?"

"Èyí tí o bá mú fún mi ni mo mú."

Ó na ọwọ́ sí dúdú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó na ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù gbé ọwọ́ náà kúrò, ó sì gbé funfun. Ó ti dì í sínú báàgì, ó ti fi ṣájà tì í, Gbóyèga ti dúpẹ́, ó ti lọ, kí ó tó mọ ohun tí òun ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò tí ì tó aago méje tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́wàá ni ìdánwò. Ó gbìyànjú láti ṣiṣẹ́, skúrù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rí Gbóyèga lọ́kàn, níwájú ojú ẹ̀rọ tó ṣókùnkùn, tí yóò máa tẹ bọ́tìnnì títí, tí yóò máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun ṣe. Kò ní fura sí i láé. Èyí ló kó jìnnìjìnnì bá a jù. Ó pe fóònù Gbóyèga, ṣùgbọ́n Gbóyèga ti pa á kí ọkàn rẹ̀ lè pa pọ̀ fún ìdánwò.

Ràhámọ̀tù gbé láptọ́ọ̀pù dúdú, ó sáré wọ ọkọ̀ lọ sí Àràmọ̀kọ́. Ní Àràmọ̀kọ́, kò rí takisí tó ti kún tó fẹ́ gbéra. Ó gun ọ̀kadà.

"Ẹ dì mí mú dáadáa," ni ọlọ́kadà wí bí wọ́n ti kọjá Ìtàwúrẹ́. "Ohunkóhun tí ẹ bá rí lápá ibí yìí, mi ò dúró o."

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé nítorí àwọn ajínigbé ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Igbó há ọ̀nà mọ́ lọ́tùn-ún lósì, òkè dúró lókè wọn. Bí wọ́n ti yí kọ́nà kan báyìí, ẹ̀ka igi ńlá kan dùbúlẹ̀ dábùú ọ̀nà. Ọlọ́kadà tẹ bíréèkì.  Ewé kan mì nínú igbó, Ràhámọ̀tù sì gbá láptọ́ọ̀pù mọ́ àyà, ó ń pe Ọlọ́run láìyanu. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ohun tó tọ́ sí òun ló dé yìí.

Obìnrin àgbà kan ló jáde láti inú igbó, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o," ni obìnrin náà wí. "Afẹ́fẹ́ àná ló wó o. Ẹ bá wa gbé e."

Wọ́n gbé e kúrò.  Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí Ràhámọ̀tù wọ àgbàlá ìyá Gbóyèga.

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí i, ojú rẹ̀ yí padà. Gbóyèga gbọ́ ìró ọ̀kadà, ó jáde.

"Ràhámọ̀? Kí ló dé?"

"Gba èyí. Èyí tí mo fún ọ yóò kú kí o tó ṣe ìdajì."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

Àfi kí ó parọ́ kékeré kan báyìí, ọ̀rọ̀ á tán. Ìyá ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu.

"Mo mọ̀ kí n tó fún ọ," ni Ràhámọ̀tù wí. "Mi ò fẹ́ kí o lọ."

 Gbóyèga gba láptọ́ọ̀pù dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wákàtí méjì ni àwọn obìnrin méjèèjì fi jókòó lórí àga gbọọrọ kan náà. Bí iná bá ṣẹ́jú ní ilé kejì, àwọn méjèèjì á fò. Nígbà tó pẹ́, ìyá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ló ṣe tí o ò dárúkọ mi?"

"Mo ti kọ̀ fún yín, mà. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e fún un."

 Ìyá ń fi ìka fa etí ìró rẹ̀.

Gbóyèga parí láìsí ìdíwọ́. Ó jáde, ó wo Ràhámọ̀tù bí ẹni tó ń wo àjèjì. "Máa lọ sílé, Ràhámọ̀tù," ni ó wí. Kò pè é ní Ràhámọ̀.

Ó ju oṣù kan lọ tí kò fi yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ràhámọ̀tù á máa rí i lókèèrè tó ń kọjá, ọkàn rẹ̀ á fò sókè, á tún wálẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìtọrọ-àforíjì sí i lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kí ni yóò sọ? Ẹ̀rù pé kí ó má pàdánù rẹ̀ ló mú un ṣe ohun tó fi pàdánù rẹ̀.

Ó ń tú láptọ́ọ̀pù kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé kan nígbà tí òjìji méjì bo tábìlì rẹ̀. Gbóyèga ni, àti ìyá rẹ̀.

"Mo yege," ni Gbóyèga wí.

"Mo bá ọ yọ̀." Òótọ́ ni, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ bákan náà.

"Mọ́mì ti jẹ́wọ́ tiwọn fún mi. Inú bí mi sí ọ, Ràhámọ̀. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò. Ká ní o jókòó sí Ìjerò lọ́jọ́ náà, ǹ bá má mọ̀ láé. Ǹ bá máa rò pé orí mi ni kò gbè mí. Ǹ bá fẹ́ ọ, kí n sì máa dúpẹ́ pé o ń tù mí nínú. O mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì wá."

"Mi ò lè fojú wò ọ́ láyé mi pẹ̀lú irọ́ yẹn."

Gbóyèga fa àga sún mọ́ ọn. "Oṣù tó ń bọ̀ ni mo ń lọ. Mi ò fẹ́ lọ láìfẹ́ ọ níyàwó."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń bọ̀," ni ìyá dá a lóhùn. "Mo kúnlẹ̀ fún wọn, wọ́n ní ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Ràhámọ̀tù wo ọkùnrin náà. "Bí o bá lọ tí o ò padà ńkọ́?"

Gbóyèga kò búra. "Mo fẹ́ padà, mo sì fẹ́ kí o wá bá mi níbẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀, mi ò ní purọ́ rẹ̀ fún ọ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, adùn mi."

Kò sí ohun tó yí padà nínú ẹ̀rù Ràhámọ̀tù. Ó wà níbẹ̀, ó tutù nínú àyà rẹ̀ bó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí gan-an," ni Ràhámọ̀tù wí. "Mo gbà."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Bàbá télọ̀ ló buwọ́ lùwé fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kan ìyá Gbóyèga, ó di bírò mú, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí ìwé náà. Ràhámọ̀tù gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Báyìí ni ìyá ṣe kọ orúkọ rẹ̀ tán.